Àpótí Oyin Eléyín

Ọdún 1852 ni àlùfáà ará Amẹ́ríkà kan, Lorenzo Langstroth, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí àpótí oyin tó ṣe. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn oyin ṣì ń lò títí dòní. Àwọn tó wà nílẹ̀ wa náà ò gbẹ́yìn. Pákó mẹ́rin péré ni ògiri rẹ̀, àmọ́ igun rẹ̀ ló wù mí jù, níbi tí eyín pákó kan ti wọ inú àlàfo èkejì tí omi ò lè ráyè kọjá.

Eyín náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àpótí tí oyin kún lè wúwo tó kílò 35, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Ìṣó tí a kàn gbá mọ́ ẹnu pákó kì í pẹ́ yọ. Eyín ló ń fún gọ́ọ̀mù láyè láti dì í mú.

Jig ni káfíńtà fi ń gé e: pákó kan tó dúró ṣánṣán, tó ń yọ̀ gba orí tábìlì ayùn oníná kọjá, tí èèkàn igi kékeré kan sì yọ síta lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbú èèkàn yìí, ìbú ojú ayùn, àti àyè tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Káfíńtà á fi etí pákó ti èèkàn, á gé àlàfo kìn-ín-ní. Á gbé àlàfo yẹn gun èèkàn, á gé òmíràn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni òṣùwọ̀n èyí tó ń bọ̀. Kò sí rúlà, kò sí pẹ́ńsù.

Eyín mẹ́ta lára pákó tóóró kò lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Pákó fífẹ̀ ló ń dánni wò. Ògiri àpótí yìí ga tó mìlímítà 240. Bí eyín bá fẹ̀ ní mìlímítà 12, àlàfo 10 ni káfíńtà yóò gé. Bí ìyẹ̀fun igi tí kò ju mìlímítà 0.1 lọ bá há sídìí èèkàn ní gbogbo ìgbà, pákó náà yóò ti fi mìlímítà kan ṣìnà kó tó dópin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi ń gbá ìdí èèkàn lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi kíláǹpù de pákó tó bá fẹ́ tẹ̀. Àjákù pákó ló fi ń dán jig wò: bí eyín bá le jù, á sún èèkàn mọ́ ayùn bí ìnípọn bébà, bó bá dẹ̀, á sún un sẹ́yìn.

Oyin fúnra wọn kò gba gbẹ̀fẹ́. Àyè mìlímítà 6 sí 9 ló yẹ kó wà láàárín férémù tí wọ́n ń mọ afárá sí àti ògiri. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n á mọ afárá síbẹ̀. Bó bá há jù, wọ́n á fi oje igi lẹ̀ ẹ́ pa. Igun tó wọ́ ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra àpótí oyin, kó má wulẹ̀ wo eyín tó ṣáájú. Eyín tí wọ́n gé kẹ́yìn ni kó yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe máa ń kó jọ sí.