Ohun Tí Géèjì Ọ́ìlì Ń Sọ

Kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán, kí iná ọ́ìlì tún máa ṣẹ́jú níwájú awakọ̀: nínú gbogbo iṣẹ́ mẹkáníìkì, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ní Erúnmu níbí, Micra tó ń kó èrò àti àpò gàrí lọ sí Ìbàdàn ló sábà máa ń gbé irú rẹ̀ wá. Ọlọ́kọ̀ ti náwó, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, kálukú sì ti ń sọ fún un pé kó ra pọ́ǹpù tuntun. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé pọ́ǹpù kọ́ ló ń dá prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀. Ọ́ìlì ni pọ́ǹpù ń tì. Ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà láàárín kíráńkì àti bẹ́ríǹ ló ń jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ wà. Ẹ fi ìka dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀, omi á ta jìnnà. Ẹ mú ìka kúrò, á kàn máa ṣàn wọ́ọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, àlàfo yẹn kò ju bíi 0.03 sí 0.05 mílímítà lọ. Bí wọ́n bá ti lọ kíráńkì, tí ẹni tó lọ ra bẹ́ríǹ ní Araromi, Agodi Gate, kò mú ìwọ̀n rẹ̀ dání, àlàfo lè fẹ̀ jù, ọ́ìlì á sì máa sá jáde.

Ohun tí àlàfo yẹn ń ṣe jinlẹ̀. Ní ọdún 1883, Beauchamp Tower, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Bìrìtéènì, ń dán bẹ́ríǹ ọkọ̀ ojú irin wò. Ó lu ihò sí orí rẹ̀, ọ́ìlì bá ń tú jáde níbẹ̀. Ó fi igi dí i, ọ́ìlì ti igi náà jáde. Géèjì tó so mọ́ ọn kọjá 200 psi. Irin tó ń yí ló ń wọ́ ọ́ìlì sábẹ́ ara rẹ̀, ọ́ìlì náà ló sì ń gbé e dúró. Ní 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì tó pé bá ń sáré, kíráńkì rẹ̀ kì í fara kan bẹ́ríǹ. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí. Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni kí ọ́ìlì má wọ́n níbẹ̀.

Iná pupa kò mọ iye. Nítorí náà, mo máa ń tú swíìṣì ọ́ìlì, kí n so géèjì gidi mọ́ ojú ihò rẹ̀, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, torí ọ́ìlì tútù ki, ó sì ń bo àṣírí. Bíi 10 psi fún 1000 ìyípo kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń wò, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnnì ló ni àṣẹ. Bí géèjì bá dára tí iná ń ṣẹ́jú, swíìṣì tàbí wáyà ló ń parọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù máa fa afẹ́fẹ́: bóyá ọ́ìlì ò tó, bóyá rọ́bà ìdí síréńà, asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, ti là. Bó bá dára ní tútù, tó wá wálẹ̀ ní gbígbóná, bẹ́ríǹ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Bó bá wà nílẹ̀ ní tútù àti ní gbígbóná, mo máa ń wo fáàfù prẹ́ṣọ̀ bóyá ó há ní ṣíṣí, tàbí bóyá wọ́n gbàgbé láti dá ìdérí kan padà sójú ọ̀nà ọ́ìlì nígbà tí wọ́n fọ búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń tú nǹkan. Mo máa ń la fìlítà, kì í ṣe pẹ̀lú ayùn, kí èérún ayùn má bàa tàn mí jẹ. Mo máa ń na pépà inú rẹ̀ sí oòrùn. Bí èérún tó ń dán yinrin bá wà níbẹ̀, bẹ́ríǹ ti ń jẹ. Bí àwọ̀ bàbà bá yọ, ó ti jẹ jìnnà. Nínú sọ́ǹpù, agbada ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo máa ń wo ojú síréńà, torí gọ́ọ̀mù gáásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi pọ̀jù lè já bọ́ kó dí i.

Ẹlòmíì á ní kí n da ọ́ìlì tó ki sí i kí iná lè kú. Mo máa ń kọ̀. Géèjì á gòkè, àlàfo á sì wà bó ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin awakọ̀, bí iná yẹn bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Owó tí ẹ ó fi fa ọkọ̀ kò tó owó kíráńkì.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá ti de ẹ́ńjìnnì pa, kò sẹ́ni tó ń rí inú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ géèjì á sọ bí ẹni tó dè é ṣe fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n tó.