Jẹsí Tó Ti Rí Òógùn

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Enugu, èmi kò gbà pé jẹsí tí Nike ṣe ní 2018, tí wọ́n tò rà ní London, níyì tó èyí tí Odegbami wọ̀ ní 1980, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù méjì wọ àwọ̀n Algeria l'Ékòó, tí Chukwu ti Rangers ìlú yìí sì jẹ́ balógun. Òógùn àti ojú abẹ́rẹ́ níbi tó ya ni ẹ̀rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kó jọ a máa fi wé fọ́tò ìdíje. Èyí tó bá mọ́ jù ló ń fu mí lára. Ní 1977 tí Rangers lé Shooting Stars jáde nínú ìdíje Áfíríkà (ó ṣì ń dùn wá!), jẹsí mélòó ló di aṣọ ìnulẹ̀? Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ àpótí bàbá yín wò.