Kọ́bọ̀ Oníhò Ọba Edward

Ọba Edward Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́. Oṣù kìíní ọdún 1936 ló jọba. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ó gbé adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Thomas Humphrey Paget sì ti gbẹ́ àwòrán orí rẹ̀ fún owó tuntun. Ọ̀tún ló yẹ kí ojú rẹ̀ kọ sí, torí pé òsì ni ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kábíyèsí kọ̀ jálẹ̀: ibi tó la irun rẹ̀ sí ló fẹ́ kí ayé rí. Afínjú ọba!

Owó àfidánwò tí wọ́n fi àwòrán náà rọ kò dé ọjà. Wọ́n há díẹ̀ nínú tọ́rọ́ onígun méjìlá rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ agbowó, kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wọn wò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Ní 2020, ẹyọ owó wúrà rẹ̀ kan tà ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Síbẹ̀, ìyá tó ń ta gààrí nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀ láyé ìgbà yẹn lè ti ná owó tí orúkọ ọba yìí wà lára rẹ̀. Ihò ló fà á. Oníní, eépìnnì àti kọ́bọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lu láàárín, kò sáyè orí ọba níbẹ̀. EDWARDVS VIII ni wọ́n fi rọ́pò GEORGIVS V, iṣẹ́ parí.

Ẹ wo kọ́bọ̀ 1936 náà dáadáa. Adé jókòó sókè ihò, lẹ́tà sì tẹ̀ lé etí owó yípo. Ẹ yí i padà: ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò ká, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, débi pé èèyàn á rò pé torí ìràwọ̀ ni wọ́n ṣe lu ihò. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H tíńtín, Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́. KN sì ni ti ilé iṣẹ́ King's Norton. Ní tèmi, iṣẹ́ yìí wù mí ju orí tí Paget gbẹ́ lọ.

Ihò náà sì bá wa lára mu. Ogójì owó ẹyọ làwọn baba wa ń sín sókùn kan. Ẹni tí kọ́bọ̀ rẹ̀ bá pọ̀, okùn náà ló wá. Irin owó oníhò yìí ló kọ́kọ́ da àwọn tó ń rọ ọ́ láàmú: alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe oníní ní 1907, ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́, ni wọ́n bá yí i sí bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí Nàìjíríà ní kọ́bọ̀ tirẹ̀ ní 1959, orúkọ ilẹ̀ tó wà lára owó yí padà. Wọn ò fọwọ́ kan ihò, wọn ò sì fọwọ́ kan ìràwọ̀.