Ara Ta Ni A Fi Ṣe Òṣùwọ̀n?

Èdè ni mo ń kọ́. Nítorí náà, mo máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó yẹ ohun tí a fi ń pè wò. Àwọn Òyìnbó a máa pe aṣọ obìnrin tí ó sanra ní “plus size”, èyí ni pé ìwọ̀n rẹ̀ lé. Ó lé lórí ti ta? Ara ta ni a fi ṣe òṣùwọ̀n?

Ọjà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Télọ̀ tiwa a máa fi tépù wọn oníbàárà kí ó tó gé aṣọ. Ara ni ó ń pàṣẹ fún aṣọ. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń rán aṣọ sílẹ̀ de ẹni tí a kò rí rí, nọ́ńbà ni ó ń pàṣẹ. Ẹni tí aṣọ kò bá gbà yóò máa rò pé ara òun ni ó jẹ̀bi. Nígbà tí Lena Bryant ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní New York ní 1904, aṣọ aboyún ni ó kọ́kọ́ fi lókìkí. Lẹ́yìn náà ni ó ń rán aṣọ fún àwọn obìnrin tí ó sanra.

Lóde òní, orí Instagram ni ìjà náà wà. Ní 1920 kọ́, ní 2020 ni Alexandra Cameron ya àwòrán Nyome Nicholas-Williams, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Ìlú Ọba. Ó dijú, ó sì fi apá bo ọmú rẹ̀. Instagram ń yọ àwòrán náà kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣí ara sílẹ̀ bákan náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin náà kò dákẹ́; ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Instagram yí òfin rẹ̀ padà.

Mo gbóríyìn fún àwòrán yìí. Ojú tí ó dì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: obìnrin náà kò béèrè ìdájọ́ lọ́wọ́ wa.

Mo fi wé ti Ashley Graham, tí ó wà lẹ́yìn ìwé Sports Illustrated ní 2016. Ayọ̀ ńlá ni fún ọ̀pọ̀, èmi kò sì bù ú kù. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi ara obìnrin pa owó náà ni a ṣì wà. A kàn fẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Wọ́n ní gbogbo ara ni ó lẹ́wà. Ẹni tí kò bá wá lẹ́wà ńkọ́? Ṣé kò yẹ ní ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún?

Kí àwa náà má yangàn. Àwa tí à ń fi “o mà ti sanra o” yin ènìyàn ni à ń pe ẹlẹgbẹ́ wa ní ọ̀rọ̀bọ̀. Èmi pàápàá pe ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jókòó níwájú mọ́.

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kí aṣọ tán, ẹ jẹ́ kí a rántí kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́.