“I am coming”: Ṣé “ń” wa ló jẹ̀bi lóòótọ́?

Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n máa ń to àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì wa lẹ́sẹẹsẹ: má sọ báyìí, báyìí ni kí o sọ. Wọ́n wúlò, n kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìjà mi dá lórí ìdí tí wọ́n máa ń fún wa nípa àwọn gbólóhùn bíi “I am having two cars” àti “I am knowing him”. Wọ́n á ní èdè Yorùbá ló fà á, pé “ń” wa ló di “-ing” lẹ́nu wa. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Tí ará Odòdè bá ní ọkọ̀ méjì, kí ni yóò sọ? “Mo ní ọkọ̀ méjì.” Kò sí “ń” níbẹ̀. “Mo mọ̀ ọ́n” là ń wí, a kì í wí pé “mo ń mọ̀ ọ́n”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “mo fẹ́ràn rẹ̀”, “ó jọ bàbá rẹ̀”, “ó ga”. Ipò tí ènìyàn wà ni irú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Tí a bá fi “ń” sí wọn, ìtumọ̀ á yí padà: “ó lówó” yàtọ̀ sí “ó ń lówó”, “ó ga” sì yàtọ̀ sí “ó ń ga”. Gẹ̀ẹ́sì náà kì í sábà fẹ́ “-ing” lára irú wọn. Ẹni tó bá ń ronú ní Yorùbá, tó sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, “I have two cars” gan-an ló máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará Íńdíà pàápàá ń sọ “I am having”, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ẹjọ́ wa dà níbẹ̀?

N kò sọ pé ọwọ́ Yorùbá mọ́ pátápátá o. “Mo ń gbọ́ ọ” là ń sọ lórí fóònù, òun ló di “I am hearing you”. Èyí tó tún lágbára jù ú lọ ni ti ibá àìṣetán. Ẹ rántí pé oríṣi méjì ni: atẹ́rẹrẹ, fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́, àti bárakú, fún ohun tó ti mọ́ni lára. “Máa ń” wà fún bárakú nìkan, ṣùgbọ́n “ń” ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. “Àwọn ará Ìdànrè ń gbin kòkó” lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí o yan ọ̀kan. Tí ọmọ bá kọ “Idanre people are growing cocoa”, ẹni tó ni èdè lè rò pé lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni a bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àwọn ìwé yẹn kì í dé rárá ni òdìkejì rẹ̀. “Ó wọ aṣọ funfun”: kò sí “ń”, síbẹ̀ “She is wearing white” ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. “Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà”, “ó di ìwé mú”: “-ing” ni Gẹ̀ẹ́sì máa lò fún gbogbo wọn. Bí o bá sọ pé “ó ń wọ aṣọ”, a jẹ́ pé kò tíì wọ̀ ọ́ tán. Ṣé ẹ rí i pé “ń” àti “-ing” kì í ṣe ìbejì? Wọ́n kàn jọ ń pàdé lọ́nà ni.

“I am coming” wá ńkọ́, tí a máa ń sọ nígbà tí a bá kẹ̀yìn sí ènìyàn tí a sì ń lọ? Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Inú “bọ̀” ni ọ̀rọ̀ wà: ìpadàbọ̀ wà nínú “mo ń bọ̀”, kò sí nínú “come”. Ẹni tó bá fi gírámà bá ọmọ wí lórí èyí, ibi tí kò yún ọmọ ló ń họ.

Kí ló wá fa “I am having”? Lójú tèmi, ẹ wo kíláàsì. Olùkọ́ á rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, á ní “I am going to the door”, gbogbo kíláàsì á gbè é. Ọmọ á fi “-ing” gba oríyìn kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí kì í gbà á. Ó máa gbà pé òun ni Gẹ̀ẹ́sì gidi. Ẹ̀kọ́ tí a kò parí ni, kì í ṣe èdè ìyá.

Ìdí tí mo fi ń lọgun rèé. Òbí tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ á ní, “Àbí ẹ ò rí i? Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi jẹ́.” Á sì pa èdè náà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ la ti dán èyí wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn.

Ẹnìkan lè ní ṣebí McDonald’s ti ń kọ “I’m lovin’ it” láti ọdún 2003. Òótọ́ ni, “-ing” ń gbòòrò sí i lẹ́nu àwọn onígẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ́ wa, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1998, pé ká tó gba ìlò tuntun wọlé, ká wo iye ẹni tó ń sọ ọ́, ibi tó tàn dé, irú ẹni tó ń lò ó, bóyá ìwé atúmọ̀ èdè tàbí ìwé gírámà ti gbà á, àti bóyá àwùjọ tẹ́wọ́ gbà á. “I am coming” ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yege nínú wọn. “I am having two cars” ṣì ń dúró níta, olùdánwò á sì gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di olùkọ́, ẹ má kàn sọ fún ọmọ pé Yorùbá ló ṣì í lọ́nà. Ẹ bi í pé, “Báwo lo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá?” Tó bá dáhùn pé “mo ní”, ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì náà wà.