Omi Ni Ká Lé: Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ẹ̀fọ́ Nínú Agbada

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ìgò ni adùn oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà wà. Bí wọ́n bá ti rí sóyà sọ́ọ̀sì rà, tí wọ́n tún rí òróró yànmọ̀tí mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ńlá kan n'Íbàdàn, lójú wọn, iṣẹ́ ti parí. Èmi tí mo ń dáná kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tí a dín pọ̀ kíákíá lórí iná líle, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní stir-fry, iṣẹ́ ọ̀bẹ àti iná ni, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ sì dá lé: kí omi má ráyè jókòó nínú agbada. Ẹni tó bá mọ omi í lé, Ọjà Igbó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ tó o ná. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó kó gbogbo ìgò inú ṣọ́ọ̀bù wálé, ọbẹ̀ olómi ni yóò bù jẹ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ìkòkò tí a kò dé, omi kì í gbóná kọjá nǹkan bíi 100°C. Bí a ti ń koná mọ́ ọn tó, ńṣe ni yóò kàn máa fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ojú ẹran tó pọ́n, kí òórùn dídùn tó ń dá itọ́ sí ni lẹ́nu tó jáde lára rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 140°C. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lójú ẹran, bíbọ̀ là ń bọ̀ ọ́, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dín in. Bí a bá da ẹran púpọ̀ sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà, omi ara rẹ̀ yóò tú jáde ju èyí tí iná lè gbẹ lọ, ẹran á funfun, á sì le. Àwọn kan á sọ pé ẹjọ́ iná ni, pé gáàsì ilé wa kò lágbára tó iná ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Òótọ́ ni pé kò tó o. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lè fi kún iná, a lè dín ohun tí à ń kó lé e lórí kù. Ìdá mẹ́rin kílò ẹran, ìyẹn 250 gíráàmù, ni kó wọ agbada lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kù á dúró dé ìgbà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ èyí: agbada tó nípọn, tí ìdí rẹ̀ rí roboto, èyí tí àwọn alákàrà ń lò, sún mọ́ ìkòkò àwọn ará Ṣáínà ju fáráìpáànù pẹlẹbẹ lọ. Gbé e ka orí àdògán tí ẹ̀yín iná kún inú rẹ̀, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ìwọ náà á rí i pé iná ilé wa kì í ṣe iná yẹpẹrẹ.

Kí a tó dáná ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń parí. Ẹran itan tàbí ti ẹ̀yìn, tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Fi sínú fíríjì títí yóò fi gan díẹ̀, kí ọ̀bẹ lè rí i gé tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta ní nínípọn, kí o sì gé e ní ìbú fọ́nrán ara rẹ̀, kó má baà máa fà lẹ́nu. Ṣíbí ìjẹun kan sóyà sọ́ọ̀sì, ṣíbí tíì kan sítáàṣì gbágùúdá àti òróró ẹ̀pà díẹ̀ tó fún ìdá mẹ́rin kílò. Pò ó pọ̀, fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Sítáàṣì yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń bo ara ẹran, tó ń há omi rẹ̀ mọ́ ọn nínú, tí kì í jẹ́ kó tú sínú agbada. Ògì gbígbẹ náà lè ṣe é, àmọ́ kíkan rẹ̀ máa ń hàn lẹ́nu, n kì í sì í lò ó bí mo bá rí sítáàṣì.

Àtakò tó wúwo jù lọ wà lẹ́nu àwọn ìyá wa: a kì í dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Wọn kò ṣàdédé sọ ọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri lè ní ọmọ aràn nínú ẹran ara rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ láìjinná lè kó aràn náà. Ṣùgbọ́n ooru ló ń pa aràn, omi nìkan kọ́ ló sì ń gbé ooru dé inú ẹran. Ohun tó mú bíbọ̀ di dandan ni pé ẹran tí à ń gé fún ọbẹ̀ máa ń tóbi. Ooru á pẹ́ kó tó dé àárín rẹ̀. Ẹran tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí a tẹ́ káàkiri agbada gbígbóná, tí a sì yí padà, á jinná dénú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí pupa bá ṣì kù nínú èyí tó nípọn jù, kò tíì tó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣì balẹ̀, kó lọ wo ohun tí àwọn ará Sichuan ní Ṣáínà ń ṣe. Odidi ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bọ̀ títí yóò fi jinná. Wọ́n á jẹ́ kó tutù pátápátá, wọ́n á wá gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á dín in títí ọ̀rá rẹ̀ á fi yọ́, tí etí rẹ̀ á sì ká. Gbajúmọ̀ oúnjẹ ni ní Ṣáínà. Nítorí náà, ẹni tó bá bọ ẹran kó tó dín in kò ba oúnjẹ náà jẹ́, bó bá ti lè jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ kó tó padà sórí iná.

Ẹ̀fọ́ ló ń dójú ti ọ̀pọ̀ alásè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n tiwa pọ̀ sí. Ta ló ń ro ẹ̀fọ́ tí kì í fún omi rẹ̀ dànù? Ta ló ń dín ata tí kì í dúró dìgbà tí omi rẹ̀ bá gbẹ, tí epo á sì lé téńté? Ọgbọ́n kan náà ni. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà eléèpo tútù tí wọ́n ń kó wá láti apá Jos dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ara wọn le. Nínú ẹ̀fọ́ tiwa, mo fọwọ́ sí ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Gbúre ní tirẹ̀, omi ara rẹ̀ ti pọ̀ jù. Fọ ohun gbogbo kó tó di pé o gé e, kábéèjì ní ewé kọ̀ọ̀kan, kó o dà á sínú ajere kó ro dáadáa. Ẹ̀fọ́ tútù tó ń kán tótó lè sọ iṣẹ́ rere di òfo. Agbada á gbóná kí òróró tó dé ibẹ̀. Dín ẹran, kó o kúrò sínú abọ́. Da atalẹ̀ àti aáyù gígé sínú òróró, kí wọ́n ta sánsán, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n jóná. Kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù ló ń ṣíwájú, kábéèjì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tàtàsé. Ẹran á padà wọlé, àlùbọ́sà eléwé ló ń kẹ́yìn. Wọ́n á ní ẹ̀fọ́ tó ń ró lẹ́nu kò jinná. Èmi ní ó jinná: àwọ̀ rẹ̀ ti tàn, tútù rẹ̀ ti lọ, ooru sì ti là á já. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i ni pé kò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, fítámìn C tí ooru pípẹ́ àti omi máa ń gbà lọ sì ṣì kù sí i lára. Iná tí gbogbo èyí ń gbà kò tó ti ìkòkò ẹ̀wà kan, ẹni tó ń ra gáàsì lóde òní mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé agbo ilé kan náà, ẹlẹ́dẹ̀ kò sì lè wọ gbogbo agbada. Kí agbada ẹlẹ́dẹ̀ dá wà. Itan adìyẹ tàbí ẹran màlúù gba ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́. Àwọn Mùsùlùmí Hui ní Ṣáínà fúnra wọn, màlúù àti àgùntàn ni wọ́n ń lò.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé bí kò bá ti sí gbogbo èròjà àwọn ará Ṣáínà níbẹ̀, ayédèrú ni. Ní 1963, David Leong, ọmọ Ṣáínà kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, ṣí ilé oúnjẹ sí Springfield ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ó rí i pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn adìyẹ díndín, ó dín in bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, ó da ọbẹ̀ Ṣáínà lé e lórí, ó sì wọ́n kajú sí i. Oúnjẹ náà di ìdánimọ̀ ìlú yẹn títí dòní. Èmi kò wá sọ pé ohunkóhun ló lè wọ agbada o. Kọ́rì máa ń jóná lórí iná líle, ó sì ń korò. Màgí lórí sóyà sọ́ọ̀sì, iyọ̀ lórí iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kajú tiwa ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú tí kajú pọ̀ sí gan-an, èyí tí wọ́n ti yan, tí wọ́n sì ti bó, bá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mu púpọ̀. Kìkì pé òun náà kò fẹ́ omi: bó bá pẹ́ díẹ̀ nínú ọbẹ̀, á rọ̀. Nítorí náà, pa iná, bu oúnjẹ sínú àwo, kó o tó wá wọ́n ọn sí i.