Ọkọ Wọlé, Ọkọ́ Kò Wọlé: Àyẹ̀wò Ìwé Ìlànà Haskell láti Kétu

Lórí ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lè ní àkọtọ́ méjì. Ẹni tó bá tẹ̀lé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, yóò kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Ní Ìmẹ̀kọ, tó wà ní òdìkejì ààlà ní Nàìjíríà, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ka Kétu sí orírun wọn, ẹ, ọ, ṣ àti p ni wọ́n ń kọ. Àkójọ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tí apá kan rẹ̀ wà ní àkọtọ́ ti ìhín, tí apá kejì wà ní ti ọ̀hún. Èdè Haskell ni mo yàn láti fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò so méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo rí nínú ìwé ìlànà èdè náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi Yorùbá tó ní àmì ohùn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú Haskell. Èdè oní-fọ́ńkíṣọ̀n ni: ohun tí a bá kọ nínú rẹ̀ dà bí òfin fonọ́lọ́jì, tó ń gba fọ́ọ̀mù kan wọlé tó sì ń dá òmíràn padà, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. A lè so òfin kan mọ́ ìdí òmíràn, bí a ti ń to òfin tẹ̀lé ara wọn nínú kíláàsì. Ó tún máa ń mú kí èèyàn ronú. Láti Bẹ̀nẹ̀ sí Nàìjíríà, kp di p, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ní p àti kp lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti Nàìjíríà kò ní ju p lọ. Bí a bá ń padà bọ̀, p kan lè ti ibi méjì wá. Bí mo ṣe ń kọ irú èsì tí fọ́ńkíṣọ̀n náà yóò dá padà ni mo rí i pé ẹyọ kan kò tó, àkójọ ni ó yẹ kó jẹ́.

Orí orúkọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí akọ̀wé-ètò ń sọ fọ́ńkíṣọ̀n rẹ̀. Ìwé ìlànà Haskell 2010, tí Simon Marlow jẹ́ olóòtú rẹ̀, sọ pé Unicode ni èdè náà ń lò. Ó wá ka ohun tí orúkọ lè ní: lẹ́tà kékeré, lẹ́tà ńlá, nọ́mbà, pẹ̀lú _ àti '. Kò sí òmíràn. Unicode ní ẹ, ọ, ṣ, á àti à ní odidi lẹ́tà. Kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ bẹ́ẹ̀; ẹ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó gùn ún lórí, àmì ohùn náà kì í sì í ṣe lẹ́tà nínú ìpín Unicode. Nítorí náà, bí a bá tẹ̀lé ìwé yìí, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó wọlé. Ọkọ́ tí a fi ń roko kò wọlé, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ kò wọlé, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun náà wà níta pẹ̀lú wọn. Ilé wọlé, ilẹ̀ kò wọlé. Èdè wọlé, ọ̀rọ̀ kò wọlé. Àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ kò sì yọ nínú rẹ̀: ɔkɔ wọlé, ɔkɔ́ kò wọlé.

Gírámà Yorùbá kọ́ ló fa èyí. À, á, è àti é wà lódidi nítorí Faransé àti àwọn èdè Yúróòpù mìíràn ń lò wọ́n. Ẹ àti ọ wà nínú abala tí a ṣe fún èdè Vietnam, níbi tí ệ àti ộ náà wà lódidi. Ẹ́ wa kò sí níbẹ̀, torí Vietnam kò nílò rẹ̀. Unicode kò sì ní fi irú rẹ̀ kún un mọ́, níwọ̀n ìgbà tí a ti lè fi lẹ́tà àti àmì kọ ọ́. Ìyẹn kò burú lójú mi. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohùn ní ìpele tirẹ̀, ó kàn gun orí fáwẹ̀lì ni. Haskell ló mú lẹ́tà, tó fi ohùn sílẹ̀.

Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé náà to irú àmì tó lè wà níbikíbi nínú ètò, títí kan inú àlàyé tí ẹ̀rọ máa ń fò kọjá, kò sì dárúkọ àmì tó ń gun lẹ́tà. Bí a bá kà á bí adájọ́ ṣe ń ka òfin, n kò lè kọ “ẹ̀kọ́” sínú àlàyé tí mo ṣe fún ẹlẹgbẹ́ mi. Lẹ́tà Lárúbáwá, tí kò ní ńlá àti kékeré, bá wa wà níta. Ìwé náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ṣì ń gbè sẹ́yìn ASCII. Ẹni tó mọ ibi tó ń dun òun, kí ló dé tí kò wá oògùn sí i?

Lóòótọ́, GHC, ètò tí ọ̀pọ̀ jù lọ fi ń lo Haskell, ti ṣílẹ̀kùn: ó ń gba àmì ohùn nínú orúkọ. Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ parí. Kò tíì parí. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà tẹ ẹ́: ẹ, kí àmì ohùn tẹ̀lé e, é, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì, èyíkéyìí nínú wọn lè ṣáájú. Unicode ní ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Python mọ èyí. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008 ló ti ń sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi orúkọ wéra. GHC kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo kíbọọ̀dù Faransé ní Kétu ní é lábẹ́ ìka rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní kíbọọ̀dù Yorùbá ní Ìmẹ̀kọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ. Ojú rí ohun kan náà, GHC ní òun kò mọ orúkọ yẹn rí. Níbí ni mo ti rí ohun tí n kò retí: ɛ́ ti Bẹ̀nẹ̀ kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Àkọtọ́ tí àwọn kan nínú wa máa ń fojú àjèjì wò, òun ni kò lè ya ara rẹ̀ sí mẹ́rin. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń jiyàn lórí ìṣọ̀kan àkọtọ́ fi èyí kún ọ̀rọ̀ wọn.

Ṣé ẹ̀dà tuntun yóò tún un ṣe? Ní 1987 ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti dá ìgbìmọ̀ Haskell sílẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1990, Haskell 98 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Haskell 2010. Ní 2016 wọ́n yan ìgbìmọ̀ fún Haskell 2020. Ìwé yẹn kò jáde. Ohun tó ń jáde báyìí ni GHC2021 àti GHC2024, tí wọ́n jẹ́ àkójọ àwọn àfikún tí GHC ti ní. GHC2021 gbà kí a kọ mílíọ̀nù kan báyìí: 1_000_000, kí ojú má baà ṣì í kà. Mo fara mọ́ ọn. Ó kàn yà mí lẹ́nu pé wọ́n rántí ojú tó ń ka òdo, wọn kò rántí ojú tó ń ka ohùn.

Wọ́n á ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ, tàbí kí n yọ àmì ohùn kúrò. Nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ gan-an ni orúkọ: fọ́ńkíṣọ̀n tó ń ṣàlàyé ọkọ́ ní Kétu kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti ọkọ̀. Bí mo bá yọ àmì, mẹ́rin di ọ̀kan, GHC á sì kọ̀ ọ́ pé mo sọ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbólóhùn méjì péré ni mò ń bèèrè fún nínú ìwé ìlànà tó bá ń bọ̀: pé àmì tó gun lẹ́tà jẹ́ ara orúkọ, àti pé kí a sọ oríṣi ìtẹ̀wé kan náà di ọ̀kan kí a tó fi orúkọ wéra. Ní báyìí, mo ti kọ ètò kékeré kan tó ń ṣe ti kejì yìí kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ GHC. Ẹni tó bá gba fáìlì lọ́wọ́ mi láìgba ètò kékeré náà, ilẹ̀kùn á tún tì mọ́ ọn.